Ẹ̀rín Ẹni Tó Kú Nínú Fíìmù

Láti Mowe títí dé Arepo, bí ẹ bá rí fíìmù tí wọ́n yà nínú ilé ńlá, tí iná mọ́lẹ̀ kedere lójú àwọn òṣèré, tí ariwo kankan ò sì dà pọ̀ mọ́ ohùn wọn, jẹnẹrétọ̀ mi ló ṣeé ṣe kó wà níbẹ̀. Mi ò fọ́nnu. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó ń ya fíìmù lágbègbè wa, wọ́n á ní kí ẹ pe Àláàjì. Mi ò tíì dé Mẹ́kà o, ọ̀wọ̀ ni wọ́n fi ń pè mí bẹ́ẹ̀, mo sì gbà á. Jẹnẹrétọ̀ tèmi kì í pariwo. Èmi fúnra mi ni mo kan àpótí yí i ká, tí mo fi fóòmù tẹ́ inú rẹ̀. Mo mọ ibi tí mo máa ń gbé e sí lẹ́yìn fẹ́ǹsì, mo sì mọ bí mo ṣe ń na wáyà wọlé tí kò ní gbé ẹnikẹ́ni ṣubú. Ìwé kẹrin ni mo ti kúrò nílé ẹ̀kọ́. Àwọn tó jáde ní yunifásítì ń dúró dè mí nínú òkùnkùn, wọn ò lè ṣe nǹkan kan títí màá fi tanná.

Ọmọ mi obìnrin, àbíkẹ́yìn mi, ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ọmọ náà ń ka ìwé bí ẹni ń jẹ gúgúrú. Ìwé ìfẹ́ àwọn ọ̀dọ́ ni o, èyí tí ọmọbìnrin kan àti ọmọkùnrin kan á pàdé nílé ẹ̀kọ́, tí wọ́n á kọ́kọ́ máa jà, tí wọ́n á wá fẹ́ràn ara wọn. Bí wọ́n bá ti fi ọ̀kan nínú wọn ṣe fíìmù, á wò ó lórí fóònù, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í dá ẹjọ́.

“Wọ́n ti ba ìtàn yìí jẹ́, Dádì. Nínú ìwé, tálákà ni bọ̀bọ́ yìí. Ẹ wò ó, ó ń wa mọ́tò.”

“Bóyá ó yá a ni.”

“Irun ọmọbìnrin yẹn ńkọ́? Ó dì í ni nínú ìwé. Wọ́n wá gbé wíìgì lé e lórí bí ìyàwó gómìnà.”

Èmi tí mo ń gbé iná fún wọn, mi ò mọ̀ pé irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ wà lórí wọn. Mo máa ń rẹ́rìn-ín títí ẹ̀gbẹ́ á fi máa dùn mí.

Àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde ni wọ́n bí mọ́ ọn. Èmi àti ìyá rẹ̀ ò yẹ ẹ̀jẹ̀ wò ká tó fẹ́ra wa. Nígbà tiwa, ta ló ń béèrè? Bí ó bá ti dé sí i, inú egungun ló máa ń wọ̀: itan, ẹ̀yìn, apá. Á di eyín pọ̀, á máa mì, kò ní ké. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti parí girama, òun ṣì ń lọ ń bọ̀ láàárín ilé ẹ̀kọ́ àti ọsibítù. Ìdí nìyẹn tó fi rí àyè ka ìwé tó bẹ́ẹ̀.

Mo lọ tún ẹ̀rọ ìlọta kan ṣe ní Ifọ lọ́jọ́ kan. Bí mo ṣe ń bọ̀, mo rí obìnrin kan tó ń ta ìwé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin. Mo rí ọ̀kan tí wọ́n fi Yorùbá kọ, tí wọ́n ya ọmọbìnrin kan sí iwájú rẹ̀, tó gbé orí lé èjìká ọmọkùnrin kan. Mo rà á. Nígbà tí mo gbé e fún ọmọ mi, ńṣe ló pariwo.

“Dádì! Ibo lẹ ti rí i? Gbogbo àwọn ọ̀rẹ́ mi ló ń wá ìwé yìí! Ẹ mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ ni?”

“Kí ni mi ò mọ̀?” ni mo dá a lóhùn.

Ó ní a jọ máa kà á ni. Bí mo bá ti kírun alásárì tán, a óò jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa ní Mowe, òun á máa kà á sókè, èmi á máa tún ohun tó bá wà lọ́wọ́ mi ṣe. Ọmọkùnrin kan wà nínú ìwé náà tó máa ń bá ọmọbìnrin yìí gbé báàgì rẹ̀ bọ̀ láti ilé ẹ̀kọ́. Á gbé tirẹ̀ sẹ́yìn, á gbé tọmọbìnrin kọ́ àyà. Gbogbo àdúgbò ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ń pè é ní aláàárù ìfẹ́. A ò mọ ìdí tó fi ń gbé e títí a fi dé orí kẹta. Níbẹ̀ ni ọmọ mi ti dá ìwé kíkà dúró. Ó fi ìka rẹ̀ sórí ìwé náà.

“Dádì, irú tèmi ló ń ṣe é.”

“Irú tìrẹ wo?”

“Àìsàn tèmi. Ọmọbìnrin yìí. Òun ló ń ṣe é.”

Láti ọjọ́ yẹn, ó dín kíkà rẹ̀ kù. Ẹni tó ń ka odidi ìwé tán kí oòrùn tó wọ̀ wá ń ka ojú ewé díẹ̀, á sì pa á dé. Mo bi í léèrè ìdí. Ó ní òun ò fẹ́ kó tètè tán. Ó ní nínú gbogbo ìwé ìfẹ́ tí òun ti kà láyé òun, òun ò rí ẹni tó dà bí òun níbẹ̀ rí, àfi àwọn ọmọ tára wọn le, tí wọ́n ń sáré nínú òjò.

“Mo fẹ́ wò ó bóyá wọ́n á jẹ́ kí èyí dàgbà,” ló wí. “Tó bá dàgbà, tó sì lọ́kọ…” Ó ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sọ ìparí rẹ̀ fún òun, àti pé bí wọ́n bá fi ṣe fíìmù, òun ò ní wò ó àfi bí òun bá ka ìwé náà tán.

Ìyá rẹ̀ ò fẹ́ràn ìwé náà rárá. “Ẹ gbà á lọ́wọ́ ẹ̀,” ló sọ fún mi ní kọ̀rọ̀. “Ta ló ń kọ ìtàn aláìsàn tí kò ní pa á kí ìwé tó tán?” Mo ní kó lọ wo ọbẹ̀ rẹ̀ lórí iná.

Èmi náà máa ń sọ ti ibi iṣẹ́ mi fún ọmọ yìí, torí ó fẹ́ràn kí ó gbọ́ ohun tí fíìmù kì í fi hàn. Mo sọ fún un pé àwọn tó mọ iṣẹ́ láàárín wọn kì í jẹ́ kí ẹni tó kú nínú fíìmù dìde lásán. Kámẹ́rà á ṣì máa yà. Onítọ̀hún á jókòó, á wojú kámẹ́rà, á rẹ́rìn-ín, á wá wí pé, “Mi ò kú o, iṣẹ́ ni mo wá ṣe.” Gbogbo wọn á pàtẹ́wọ́. Wọn kì í fi ìyẹn sínú fíìmù. Wọ́n kàn ń ṣe é kí ikú má baà rò pé wọ́n pè é ni. “Ẹni tí kò bá sì kú,” ni mo sọ fún un, “kò gbọdọ̀ ṣe é. Kí lo wá fẹ́ sọ pé o ò kú fún, nígbà tẹ́nikẹ́ni ò pa ọ́?”

Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ ọn. Nígbà tí àìsàn tún gbé e dè, tí a sì gbé e délé láti ọsibítù, ó jókòó lórí ìbùsùn, ó wojú mi, ó rẹ́rìn-ín. “Mi ò kú o, iṣẹ́ ni mo wá ṣe.” Ìyá rẹ̀ ju abọ́ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. “Panu mọ́! Ṣé bàbá ẹ ló ń kọ́ ẹ nírú eléyìí?” Àwa méjèèjì ń rẹ́rìn-ín bí ọmọ ilé ìwé.

Kò pẹ́ sígbà náà ni wọ́n pè mí sí Arepo, sí ilé ńlá kan nínú ẹ́sítéètì. Mo gbé jẹnẹrétọ̀ mi sí ẹ̀yìn, mo na wáyà, mo tanná. Bí mo ṣe ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, mo rí òṣèrékùnrin kan tó ń bọ̀ lójú ọ̀nà. Ó gbé báàgì kan sẹ́yìn, ó gbé òmíràn kọ́ àyà.

Mo lọ bá dírẹ́tọ̀ wọn, ọmọkùnrin kan tó ta irun rẹ̀ bíi dàda.

“Ìwé aláàárù ìfẹ́ yẹn lẹ ń yà yìí?”

“Òun ni, Àláàjì.” Ó yíjú sí àwọn tó kù. “Ẹ gbọ́! Àláàjì ń ka ìwé ìfẹ́!”

“Ìyáàfin ilé á gbọ́ o!” ni ẹnì kan ké láti ẹ̀yìn kámẹ́rà.

“Kí ni mi ò kà?” ni mo wí, èmi náà sì bá wọn rẹ́rìn-ín. Inú mi ń dùn. Mo ti ń ronú bí mo ṣe máa sọ fún ọmọ mi pé iná mi ló wà lórí ìtàn tirẹ̀, láìsọ ohun tí mo bá rí. Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà kí n wò ó.

Wọ́n ti sọ yàrá kan di ọsibítù. Wọ́n fi aṣọ dúdú bo fèrèsé. Ọmọbìnrin náà wà lórí bẹ́ẹ̀dì, omi ń kán láti inú ike tí wọ́n so kọ́ sókè. Ọmọkùnrin yẹn di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ọmọbìnrin náà sọ̀rọ̀ gígùn kan tó dùn mọ́ etí, ó wá ṣe bí ẹni mí kanlẹ̀, orí rẹ̀ yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Nọ́ọ̀sì kan wọlé, ó fa aṣọ bò ó lójú.

Mi ò mọ ìgbà tí ẹsẹ̀ mi gbé mi dé ẹ̀yìn ilé. Mo pa jẹnẹrétọ̀.

Ibẹ̀ ṣókùnkùn, gbogbo wọn bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo. Dírẹ́tọ̀ sáré jáde.

“Àláàjì, ṣé epo ló tán ni?”

“Epo wà. Ọmọ yẹn ò gbọdọ̀ kú.”

“Ọmọ wo?”

“Èyí tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì.”

Ẹnì kan fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó rí ojú mi, ó gbé e mì. Dírẹ́tọ̀ rọra sọ̀rọ̀. “Ẹ jọ̀ọ́, sà. Bó ṣe wà nínú ìwé nìyẹn. Ẹni tó kọ ọ́ ló pa á, èmi kọ́.”

“Ẹ̀yin náà!” ni mo wí. “Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń yí gbogbo ìwé padà! Ẹ yí irun padà, ẹ yí ilé padà, ẹ gbé mọ́tò fún tálákà. Ikú nìkan lẹ ò wá lè yí padà?”

Ó ní, “Àláàjì, ẹkún làwọn èèyàn ń wá. Bí ò bá kú, wọn ò ní wò ó.”

Òṣèrébìnrin náà ti jáde tẹ̀lé wọn, pẹ̀lú aṣọ ọsibítù lọ́rùn. Òun nìkan ló bi mí ní ohun tó yẹ kí èèyàn bi mí. “Bàbá, ta ló ń ṣàìsàn?”

Mo sọ fún wọn. Mi ò lè sọ gbogbo bó ṣe rí lára mi, mo kàn sọ pé mo ní ọmọ kan nílé, pé irú rẹ̀ ló ń ṣe é, pé kò tíì ka ìwé náà tán. Ọmọbìnrin náà kúnlẹ̀ lórí kọnkéré. Ó ní kí n jọ̀ọ́ kí n tanná fún wọn, pé bí òun bá ti kú tán, òun máa dìde, òun máa rẹ́rìn-ín dáadáa, ẹni tó di kámẹ́rà mú á sì fi ránṣẹ́ sórí fóònù mi. “Ẹ fi han àbúrò mi pé mo dìde.”

Mo tanná. Ó kú lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó wá jókòó, ó sí aṣọ kúrò lójú, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀, ó ní, “Mi ò kú o, iṣẹ́ ni mo wá ṣe!” Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Mo gbà á sórí fóònù, mo ní kí wọ́n gé ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ kúrò, kó ku ẹ̀rín nìkan, torí ọmọ mi mọ ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn túmọ̀ sí. Mo ti ro gbogbo rẹ̀. Mo wọ mọ́tò padà sí Mowe bí ọkùnrin tó gbọ́n ju ẹni tó kọ ìwé lọ.

Kí n tó délé, àìsàn ti gbé e. Wọ́n ti ń gbé e lọ sí ọsibítù tó ní fáìlì rẹ̀ ní Ifọ, ìyá rẹ̀ pè mí lórí fóònù, mo sì yà tẹ̀lé wọn. Lọ́tẹ̀ yìí, kì í ṣe itan tàbí ẹ̀yìn nìkan. Àyà rẹ̀ ń dùn ún. Wọ́n ti fi rọ́bà sí i nímú tó fi ń mí. Dókítà pe èmi àti ìyá rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní kí a máa gbàdúrà. Mo mọ ohun tí dókítà ń sọ bó bá ti sọ bẹ́ẹ̀.

Ọmọ mi ti ní kí wọ́n gbé ìwé náà wá. Ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí rẹ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, ara rẹ̀ fúyẹ́ díẹ̀. Ìyá rẹ̀ jáde lọ bu omi. Mo yọ fóònù. Mo ní, “O ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ ìparí rẹ̀ fún ọ, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n mo ti bá ọ débi tí wọ́n ti ń yà á. Ọkàn rẹ á balẹ̀. Wò ó.”

Ó wò ó. Ó tún un wò. Mo ń retí kó rẹ́rìn-ín.

“Ó kú nìyẹn, Dádì.”

“Ó kú báwo? Ṣé o ò rí i bó ṣe ń rẹ́rìn-ín ni?”

“Kámẹ́rà ló ń wò. Kò wo bọ̀bọ́ rẹ̀.” Ó gbé fóònù náà lé mi lọ́wọ́. “Ẹ̀yin lẹ sọ fún mi. Ẹni tí kò bá kú kì í ṣe é.”

Láti kékeré mi, kò sí ẹni tó pa mí lẹ́nu mọ́ rí, ọlọ́pàá ò pa mí lẹ́nu mọ́, lọ́yà ò pa mí lẹ́nu mọ́. Lọ́jọ́ yẹn, ọmọ mi pa mí lẹ́nu mọ́, mo ti fóònù padà sínú àpò. Ohun tí mo gbé wá gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí pé ọmọbìnrin inú ìwé náà yè, òun gan-an ni ẹ̀rí pé wọ́n pa á. Ọmọ mi kọjú sí ògiri. Ìyá rẹ̀ wọlé, ó wò wá.

“Kí lẹ ṣe fún un?”

“Fíìmù ni mo fi hàn án.”

“Fíìmù.” Ó pòṣé.

Láàárọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, ọmọ náà fúnra rẹ̀ ló pè mí. Ó ní ojú ń ro òun, kí n gbé ìwé náà, kí n kà á fún òun.

Mi ò kàwé lójú ẹnikẹ́ni rí láti ìgbà tí mo ti kúrò ní ìwé kẹrin. Mo wí pé mi ò mú awò ojú mi wá. Ó ní, “Ẹ ò ní awò ojú, Dádì. Ẹ kà á. Àwa méjì péré la wà níbí.”

Mo bẹ̀rẹ̀. Mo fi ìka tẹ̀ lé e. Mo ń kà bí ẹni ń fi ẹsẹ̀ lásán rìn lórí òkúta wẹ́wẹ́. “Ó… gbé… báàgì… rẹ̀… sí… sí…” “Sílẹ̀,” ni ọmọ mi á wí, pẹ̀lú ojú dídì. Òógùn bò mí. Nọ́ọ̀sì kan kọjá, ó wò mí, mi ò gbójú sókè. Báyìí ni mo ṣe rìn ín títí mo fi dé orí tó kẹ́yìn, níbi tí wọ́n ti gbé ọmọbìnrin náà dé ọsibítù.

Mo rí ọ̀rọ̀ náà láti òkèèrè, ní ìsàlẹ̀ ojú ewé. Ọ̀rọ̀ náà kúrú. Ẹni tó dé ìwé kìíní lásán mọ̀ ọ́n. Mo wo ojú ọmọ mi, ó ń dúró dè mí.

Mo bá ń kà á lọ. “Dókítà bá wọlé, ó ní ara rẹ̀ ti yá. Ọmọkùnrin náà gbé báàgì méjèèjì, wọ́n sì lọ sílé. Ó kàwé jáde. Wọ́n fẹ́ra wọn. Wọ́n kọ́ ilé sí Arepo, ilé alájà méjì, wọ́n ra jẹnẹrétọ̀ tí kì í pariwo…”

Ọmọ mi la ojú kan. “Dádì, ẹ ti mọ ìwé kà lójijì.”

“Ojú mi ti ń mọ́ ọn lára ni.”

“Ẹ ń kà bí oníròyìn. Ẹ ò sì ṣí ojú ewé kankan látìgbà tí dókítà ti wọlé.”

Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì dùn ún láyà débi tó fi di ọwọ́ mi mú gírígírí. Mo ní ṣé kí n dákẹ́. Ó mi orí.

“Rárá. Ẹ ṣí ojú ewé, kẹ́ ẹ máa bá a lọ. Kí ló kọ́kọ́ bí?”

Mo ṣí ojú ewé. “Obìnrin.”

“Ṣé ara ọmọ náà le?”

“Kò mọ ọ̀nà ọsibítù.”

“Kà á, Dádì,” ló wí. Kò bá mi sọ̀rọ̀ báyẹn rí láìfi “ẹ” kún un, mi ò sì bá a wí. Mo ń kà á. Mo ń ṣí ojú ewé bí ó ṣe yẹ, títí oorun fi gbé e lọ.

Kò jí sí wa dáadáa mọ́. Nígbà tó lọ, kò sí ọ̀rọ̀ gígùn kankan. Ó mí, ó mí, kò mí mọ́. Nọ́ọ̀sì yọ rọ́bà nímú rẹ̀, ó ká a, ó sì lọ sídìí bẹ́ẹ̀dì kejì tí wọ́n ti ń pè é. Ìyá rẹ̀ ṣubú lulẹ̀. Lẹ́yìn ìrun alásárì ọjọ́ náà, a ti sin ín sí Ifọ, èmi fúnra mi ni mo wọ inú sàréè lọ gbé e sọ̀kalẹ̀. Mi ò jẹ́ kí ẹlòmíràn ṣe é.

Fíìmù náà ti jáde báyìí. Àwọn ọmọbìnrin ní Mowe àti Ibafo ń sọ fún mi pé àwọn sunkún, pé ó dùn gan-an, wọ́n sì ń kí mi kú iṣẹ́ nítorí iná. Mò ń gba ìkíni wọn. Iṣẹ́ mi ni. Mi ò wò ó, ìyá rẹ̀ náà ò sì wò ó.

Ìwé náà wà lọ́wọ́ mi. Mi ò padà sórí ojú ewé tí mo fò yẹn, mi ò sì ní padà síbẹ̀. Ohun tó bá wu ẹni tó kọ ọ́, kó kọ. Èmi ni mo kà á fún ọmọ mi, ibi tí mo sì kà á dé kí oorun tó gbé e lọ, ọmọbìnrin náà ti ní ọmọ kan, oyún èkejì wà nínú rẹ̀.